Àǹtí Kò-Tíì-Kú àti Rédíò Onípákó

Bí ẹ bá dé Mayfair lọ́dún 1996, tí ẹ sì béèrè Tiwaladé Awóníyì tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpetumodù, ó ṣeé ṣe kí àwọn ará àdúgbò kàn máa wò yín lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Àǹtí Kò-Tíì-Kú dà?" ọmọ tí wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì pàápàá á fi ẹnu júwe ilé wa. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àbúrò ìyá mi ni, ó sì gbà mí sílé nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí n kò sì fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi l'Ákùúrẹ́ lọ máa gbọ́ "Ìgbà wo lẹ máa wọlé?" láàárọ̀ lálẹ́.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, mo sì máa ń kúnlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lórí ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é, nítorí bí mo bá ń ní "wọ́n, wọ́n" ṣáá, ẹ ó rò pé odidi ẹbí ló kún inú ilé oníyàrá méjì. Ẹ má sọ fún un.

Ohun tó fà á tí mo fi sọ ọ́ ní Kò-Tíì-Kú ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú rẹ̀. Rọ́bà kẹ̀kẹ́ ló fi so ọrùn fáànù wa mọ́ra; bí fáànù náà bá ń ṣiṣẹ́, ṣe ló máa ń mi orí bí àgbàlagbà tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́. Káfíńtà ló bá a gbẹ́ ọwọ́ tuntun sára áyọ́ọ̀nù wa, igi ìrókò ni, ó sì wúwo débi pé aṣọ máa ń tẹ́ kí iná tó dé. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló gé ṣe òwú sítóòfù. Ike tí a fi ń fọṣọ ní àpá kiri bí ẹni tó ti oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ bọ̀, nítorí ọ̀bẹ gbígbóná ni Àǹtí fi ń lẹ ojú ibi tó bá ya.

"Kò tíì kú," ni yóò sọ, yóò sì na ọwọ́ gba nǹkan náà.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, bí mo bá kú sílé yìí, ẹ ò ní gbà fún mi."

Ó ní, "Màá kọ́kọ́ yẹ fíùsì rẹ wò."

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé náà, òfin ọ̀hún sì le ju ti ìjọba ológun lọ. Bí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, ohùn Àǹtí á jáde láti ilé ìdáná: "Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì!" Àwa méjì péré la wà nílé, àmọ́ ó máa ń pariwo rẹ̀ bí ẹni pé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń darí. Ọjọ́ tí mo gbàgbé fáànù sára ògiri, ìwàásù tí mo gbọ́ gùn ju ti ìṣọ́ òru lọ. "Iná tó ń bọ̀ kì í kan ilẹ̀kùn, Fúnlọ́lá. Bí agbára ló bá gbé dé ńkọ́? Ẹ̀yin ẹ ó máa jó pé NEPA ti mú un wá, nǹkan tí ẹnu ò lè sọ á ti jóná."

Ibi tó ti kọ́ àtúnṣe kò jìnnà. Ìyá tó bí i, ìyá àgbà mi, máa ń rán igbá tó bá fọ́. Á fi irin gbígbóná lu ihò sí etí méjèèjì, á wá fi okùn rán an bí ẹni ń rán aṣọ, wọn á sì tún fi igbá náà bu omi mu. Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, áyọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó rà bàjẹ́. Ó gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹni tó gbé e fún yọ ohun tó dára nínú rẹ̀, ó sì fi èyí tó ti gbó rọ́pò. Inú bí i. Ó wá bàbá kan rí ní ẹ̀gbẹ́ Enúwá, Bàbá Akínkúnlé, tó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń lọ jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tòun ti ẹ̀pà lọ́wọ́. Bàbá á jẹ ẹ̀pà, Àǹtí á béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀pà bá tán, ìdáhùn náà á tán. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ náà ló ń ṣe títí di òní: kó tó tú nǹkan, ó máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. "Ohun tó jóná máa ń rùn," ló máa ń wí, "ohun tó kàn já kì í rùn."

Ẹ ti wá mọ Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ẹni tó ń ta tuntun ṣe kó sí i lọ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì Ìpetumodù ni wọ́n ti pàdé. Ọkùnrin kan jókòó tì í, ó gbé páálí ńlá sórí ẹsẹ̀, etí páálí náà sì ń gún Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé dání tó ń fẹ́ lu mí níhò yìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Fáànù tuntun ni. Oníbàárà mi kan ló ní kí n gbé e wá, ló bá tún yí ọkàn padà."

"Kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀ rẹ̀?"

"Ó ní ó ń pariwo."

"Epo ló fẹ́! Kó kán epo ẹ̀rọ sí i. Kò tíì kú."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Mà, ẹ dákun, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń ta tuntun."

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ni Oyèbánjí Lágúnjú, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere, àwọn áyọ́ọ̀nù, fáànù àti rédíò ló sì kún ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú páálí. Ó ga, ojú máa ń tì í, ó sì máa ń fi áńkáṣíìfù nu ojú ṣáá bí ẹni pé ojú ọ̀hún náà wà fún títà. Bó ṣe mọ ọ̀nà ilé wa, n kò bi í. Ẹni tó bá béèrè Àǹtí Kò-Tíì-Kú kì í ṣìnà. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó dé. Ó tún dé ní èyí tó tẹ̀ lé e. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè láti lọ jókòó sí pálọ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá Bánjí gbé áyọ́ọ̀nù tuntun wá. Àǹtí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó yìn ín, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀. "Ó dára o. Ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e padà, ẹ ó rí ẹni rà á."

Bọ̀dá Bánjí nu ojú, ó gbé e lọ. Ó tún gbé fáànù wá.

"Háà, ẹ tún ṣe wàhálà! Fáànù mi kò tíì kú mà."

Fáànù wa wà nígun ilé, ó ń mi orí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀bùn ló máa ń lọ ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí obìnrin bá gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń wá a, ọ̀nà là nìyẹn. Bí ó bá dá a padà, ó ti fèsì, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í pé kí ló dé. Àǹtí mọ àṣà yìí jù mí lọ. Àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá ti kan nǹkan oníwáyà, ibi tí ó ti máa ń ṣẹ́ ni ọpọlọ rẹ̀ ń wá, àṣà kì í ráyè wọlé.

Bọ̀dá Bánjí kò wá mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kan lọ, òmíràn lọ, òmíràn tún lọ. Mo bá Àǹtí tó lóṣòó sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ́ ìró àtijọ́ kan sílẹ̀, ó tú fáànù wa síbẹ̀ wúruwùru.

"Àǹtí, kí ló ṣe fáànù?"

"Ó ń pariwo."

"Kò pariwo."

"Inú ló ti ń pariwo."

Mo jókòó tì í. "Bọ̀dá Bánjí ò wá mọ́ o."

"Ọwọ́ rẹ̀ lè dí."

"Tàbí nítorí pé ẹ kọ̀ ọ́."

Sikudiráfà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kọ ta?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ dá áyọ́ọ̀nù padà, ẹ dá fáànù padà. Kí ni àwọn èèyàn yín ń pe ìyẹn?"

Ó rọra jókòó, orí àwọn nọ́ọ̀tì fáànù ló jókòó lé, kò sì dìde. "Mo gbé," ó ní. "Fúnlọ́lá, mo gbé!"

"Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìbéèrè tí wọ́n ń bi àgbà nìyẹn?"

"Ẹ fẹ́ ẹ."

"Mo kàn mọ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ dùn ni."

"Ẹ fẹ́ ẹ."

"Gbé sikudiráfà yẹn fún mi."

Mo ní kó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní láéláé: kí òun wá lọ dúró ní Lágere, kí òun ní kí ó tún fún òun ní ohun tí òun dá padà, bí alágbe? Ní ọjọ́ yẹn, ṣúgà ló bọ́ sínú ọbẹ̀ wa dípò iyọ̀. A jẹ ẹ́. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra gílóòbù ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Bánjí ní Lágere. Gílóòbù kankan kò jóná nílé wa. Kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù náà, Ìyá Bólú sì jókòó sáàárín ọ̀wọ́ fáànù tuntun, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Bánjí ni. Bàbá àti ìyá wọn ti lọ, òun ló sì wà nípò òbí fún un. Mo kúnlẹ̀.

"Ṣé ìwọ lò ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin tó kọ àbúrò mi?"

"Wọn ò kọ̀ wọ́n mà."

"Ṣé ó gba ohun tó gbé lọ?"

"Wọn ò gbà á mà."

"Ó tán! Kí ló tún kù? Ẹni tó dá ẹ̀bùn padà ti fèsì. Mo ti bá àwọn ará ilé Láoyè sọ̀rọ̀. Àwọn ní ọmọbìnrin kan nílé, ìyẹn mọ ẹ̀bùn gbà."

Nígbà tí Bọ̀dá Bánjí ń wé gílóòbù fún mi, mo fà sún mọ́ ọn. "Bọ̀dá, ẹ gbé ohun tó bàjẹ́ wá fún wọn."

"Ohun tó kí ni?"

"Tó bàjẹ́. Èyí tó bàjẹ́ pátápátá."

"Èmi Lágúnjú, tí mò ń ta tuntun, kí n ru pàǹtí lọ fún obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́?"

"Bó bá ṣe bàjẹ́ tó ni wọ́n ṣe máa fẹ́ràn yín tó."

Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, òun ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn, ó gbé nǹkan ńlá kan mọ́ àyà, aṣọ ló fi bò ó. Rédíò ni, irú onípákó ayé àtijọ́ tó tóbi bí àpótí.

"Ti bàbá wa ni," ó ní. "Láti ọdún tí wọ́n ti lọ ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń ta rédíò, èmi ò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ojú ń tì mí láti gbé e jáde."

Àǹtí kò ní tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, bó sì ti ń gbà á, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Mo rí i. Bọ̀dá Bánjí náà rí i, nítorí pé ojú tó nù lọ́jọ́ náà, kò sí òógùn kankan lára rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ìró sílẹ̀. Àǹtí tú ẹ̀yìn rédíò, aáyán sá jáde, ẹyin ọmọńlé wà níbẹ̀, agbọ́n sì ti fi amọ̀ kọ́lé sáàárín àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀. Àǹtí gbé imú sún mọ́ ọn, ó di ojú. Bọ̀dá Bánjí mú èémí dúró bí ẹni tí dókítà fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

"Kò jóná," Àǹtí wí, ó la ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Kò tíì kú. Ẹ máa wá wò ó."

Ni ó bá ń wá wò ó. Á jókòó sórí àpótí kékeré, á máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí Àǹtí ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, iná á wà, ojú ọjọ́ á mọ́lẹ̀ kedere, síbẹ̀ tọ́ọ̀ṣì á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lọ, á béèrè, "Ó kù púpọ̀?" Àǹtí á ní, "Ó kù díẹ̀." Díẹ̀ náà kò tán. Èmi tí mo mọ̀ pé ó máa ń tún áyọ́ọ̀nù ṣe kí ìrẹsì tó jinná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú yàrá Àǹtí. Mo rọra ti ilẹ̀kùn. Àǹtí ló jókòó sílẹ̀, tó gbé etí ti rédíò, ẹni tó ń ka ìròyìn sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí.

"Àǹtí! Ó ti ń ṣiṣẹ́!"

"Mò ń dán an wò ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń dán an wò?"

"Ohùn rẹ̀ kò tíì mọ́ tó."

"Ohùn rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ!"

"Fúnlọ́lá, bí o bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu, màá tú ọ, mi ò sì ní tò ọ́ padà."

Mo pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹran tó ń wà lórí oúnjẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀.

Báyìí la wà títí Ìyá Bólú fi dìde. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Àǹtí ti ń gbọ́ rédíò rẹ̀ láti ìdájí; bí NEPA ṣe mú iná lọ báyìí, bẹ́ẹ̀ la gbọ́ ohùn Ìyá Bólú lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ ńlẹ́ nílé yìí o!" Àǹtí ju ìró bo rédíò, ó sáré jáde, orúnkún rẹ̀ ti dé ilẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ pé ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì kò tilẹ̀ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ìyá Bólú jókòó. Bọ̀dá Bánjí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Tiwaladé, n kò pẹ́ jókòó. Rédíò bàbá mi ni mo wá gbà. Bí ó bá ti ṣe, a dúpẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, a dúpẹ́ náà. Àbúrò mi ń wá síbí bí ẹni ń lọ kí aláìsàn ní ọsibítù; aláìsàn ò dìde, aláìsàn ò sì kú. Ilé Láoyè ń retí mi lọ́sàn-án yìí, mo fẹ́ mọ ohun tí màá bá wọn sọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù," Bọ̀dá Bánjí wí.

"Sùúrù? Sùúrù ni mò ń ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ ti hù!"

Ojú Àǹtí pọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bí rédíò yẹn bá ti jáde nílé wa, kò sí ohun tí yóò tún gbé Bọ̀dá Bánjí wá, kò sì sí ohun tí Ìyá Bólú ń dúró dè mọ́. Àǹtí dáhùn.

"Kò tíì parí, mà."

"Kí ló kù?"

"Ó ku... ohùn rẹ̀ mà. Kò tíì sọ̀rọ̀."

"Kò sọ̀rọ̀ rárá?"

"Rárá o, mà."

Bí ó ṣe pa ẹnu dé, gbogbo Mayfair bú sí ariwo: "Up NEPA!" Iná dé. Fáànù wa bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Mo wo Àǹtí, mo rí i bí ó ṣe rántí púlọ́ọ̀gì.

Bó bá ṣe rédíò ayé òde òní ni, kíá ni ì bá ti tú wa fó. Ti onípákó kì í kánjú. Àwọn gílóòbù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Àǹtí dìde.

"Jókòó, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀," Ìyá Bólú wí. Ó jókòó.

Láti inú yàrá, ohùn kan bẹ̀rẹ̀: ùùùùù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ùùùù náà ń ga sí i. Mo wúkọ́ títí ikọ́ gidi fi mú mi, ni mo bá gbé orin ìyìn kan lé e.

"Kí ló ṣe ọmọ yìí?"

"Inú rẹ̀ ló dùn pé iná dé, mà," Àǹtí wí.

Ọkùnrin kan sì gbóhùn sókè nínú yàrá, ketekete: "Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa! Ṣé ikọ́ ń dà yín láàmú?"

Ikọ́ mi dáwọ́ dúró. Ìyá Bólú gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ́tí.

"Ohùn rédíò bàbá mi nìyẹn," ó ní.

Ó dìde, ó wọ yàrá, a tẹ̀ lé e. Ó ká ìró kúrò. Iná kékeré iwájú rédíò ń tàn bí ojú ológbò. Ìyá Bólú gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀ bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. "Bó ṣe máa ń gbóná nìyẹn," ó wí jẹ́jẹ́. "A máa ń sá aṣọ tútù lé e lórí. Bàbá á jágbe mọ́ wa." Lẹ́yìn náà ó yí padà. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti... ó ti ṣe díẹ̀, mà."

Bọ̀dá Bánjí ló wá gbé ojú sókè. "Ó ti ṣe díẹ̀? Èmi tí mò ń di tọ́ọ̀ṣì mú! Ẹ ní ó kù díẹ̀!"

"Bí mo bá ní ó ti parí, kí lẹ ó tún wá ṣe níbí?"

"Ẹ ò bá ti gba áyọ́ọ̀nù ná!"

"Áyọ́ọ̀nù mi ò bàjẹ́!"

Ẹ̀rín pa Ìyá Bólú débi pé orí bẹ́ẹ̀dì Àǹtí ló jókòó sí. "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ní ẹni tó dá ẹ̀bùn padà ti fèsì, àbí? Ẹni tí kò jẹ́ dá rédíò padà ńkọ́?"

"Òun náà ti fèsì, mà," ni mo wí.

"Agbẹnusọ, lọ bu omi wá fún mi. Kí n mu ún kí n tó lọ bẹ ilé Láoyè. Rédíò ńkọ́? Ẹ fi í síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́dọ̀ ìyàwó wa kò sọnù."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Bánjí gbé páálí áyọ́ọ̀nù ọjọ́sí wá. Kò tà á, eruku ti bò ó. Àǹtí kúnlẹ̀ gbàmù lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún méjèèjì, ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

"Ẹ ṣeun, Bánjí," ó ní. "Bí ó bá bàjẹ́, màá tún un ṣe."

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni NEPA ti mú iná lọ. Mo dúró de ariwo rẹ̀ títí. Àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé ti ṣú. Èmi ni mo pariwo "Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì!" lọ́jọ́ náà, èmi náà ni mo sì lọ yọ ọ́.